Oyèbísí Yá Ìyá Ọkọ Lò Nítorí Ilé Ìjọba

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí ẹ bá ní ìyá ọkọ tí kò lè dìde mọ́, ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ kò bá ní, ẹ kà á náà. Ogbó kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Ọ̀rọ̀ Oyèbísí ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n sọ ọ́ fáráyé gbọ́. Ó ní kí wọ́n má fi iyọ̀ kún un, kí wọ́n má sì yọ ata kúrò níbẹ̀.

Ní ọdún 1988, Oyèbísí ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Gáríkì, ó sì ń po tíì fún àwọn ọ̀gá. Durumi ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Sàkáríyà, ọmọ Ìkìrun, awakọ̀ tírélà. Yàrá méjì ni wọ́n háyà. Agbo ilé méje ló ń lo ṣáláńgá kan ṣoṣo. Omi, orí ni wọ́n fi ń rù ú. Oyèbísí ń fẹ́ ilé ìjọba tó ní ẹ̀rọ omi nínú bí aboyún ṣe ń fẹ́ ọmọ.

Ìyá Sàkáríyà, Ìyá Àgbà Àsíátù, kò sí lọ́dọ̀ wọn. Láti ọdún méjì ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá kan ara rẹ̀, tó sì lọ́ ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Kuje ló wà, lọ́dọ̀ Gàníyátù, àbúrò Sàkáríyà lóbìnrin. Gàníyátù ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ìwé ìjọba kan níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti sọ fún un nígbà kan pé, "Yan ọ̀kan, èmi tàbí ìyá rẹ." Gàníyátù gbé póò ìyá rẹ̀ kọjá níwájú rẹ̀, ó lọ dà á nù. Kàdúná ni ọkọ náà wà báyìí.

Nínú ọdún méjì yẹn, ìgbà mẹ́rin ni Oyèbísí lọ kí ìyá ọkọ rẹ̀. Iléyá méjì, ìtúnu ààwẹ̀ méjì. Kì í jókòó pẹ́. Ó ní òórùn ń pa òun.

Wàyí o, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú ọyẹ́, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì wọn. Oyèbísí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìwé kà. Ó pe Jàbárù, akọ̀wé kan tí kì í kọ tíì.

"Jàbárù, kí ni wọ́n lẹ̀ síbẹ̀? Ṣé wọ́n tún fẹ́ dá èèyàn dúró níṣẹ́ ni?"

"Kai! Eléyìí dùn, ìyá onítíì." Jàbárù fi ìka tẹ̀ lé e. "Wọ́n ní òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá ń tọ́jú òbí arúgbó tí kò lè dìde nínú ilé ara rẹ̀, kó wá gba fọ́ọ̀mù. Ẹni tí wọ́n bá fún ní ìwé olùtọ́jú, aago méjìlá ọ̀sán ni yóò máa ṣíwọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lé e níṣẹ́ nítorí pé ó pẹ́ dé. Nọ́ọ̀sì yóò máa wá wo arúgbó náà nílé. Bó bá jẹ́ ilé háyà ló ń gbé, wọ́n á sún orúkọ rẹ̀ síwájú fún ilé ìjọba."

"Ilé ìjọba?"

"Ilé ìjọba tó lómi. Ṣùgbọ́n arúgbó kan, orúkọ kan o. Wọn ò ní kọ orúkọ ẹni méjì lórí arúgbó kan. Ìwọ, ṣé o ní arúgbó nílé ni?"

Ibí yìí gan-an ni ẹsẹ̀ ti yọ̀. Oyèbísí ìbá ní, "Èmi kọ́, àbúrò ọkọ mi ni." Ìbá sáré rán ẹnìkan sí Kuje kí Gàníyátù tètè wá kọ orúkọ. Ó gbé ìgbálẹ̀ láti ọwọ́ kan sí ìkejì.

"Mo ní," ló wí.

Jàbárù bú sẹ́rìn-ín. "Láti ìgbà wo? Ìwọ tó jẹ́ pé gbogbo ìrọ̀lẹ́ lo wà ní ìpàdé ìjọ! Ta ló ń bá ọ ṣọ́ arúgbó, áńgẹ́lì?"

"Bá mi kọ fọ́ọ̀mù, kó o panu mọ́. Àbí tíì ti sú ọ?"

Tíì kò sú Jàbárù. Ó kọ ọ́. Wọ́n bèèrè nínú fọ́ọ̀mù pé ta ló ń tọ́jú ìyá náà. Oyèbísí ní, "Èmi nìkan." Láti ìgbà wo? "Ọdún méjì." Ó tẹ̀ka sí i.

"Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa wá wo ilé rẹ," Jàbárù wí. "Wọ́n gbọ́dọ̀ bá arúgbó níbẹ̀ o. Wọn ò ní wo fọ́tò."

"Wọ́n á bá a níbẹ̀."

Sàkáríyà ti gbé irin lọ sí Máídúgùrì nígbà yẹn, Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì ni yóò tó dé. Oyèbísí rí àyè. Ní Sátidé, ó bẹ Bùsàrí onípikọ́ọ̀pù, wọ́n dorí kọ Kuje.

Ó kúnlẹ̀ kí àbúrò ọkọ rẹ̀ bí ìyàwó ilé ṣe ń kí ọkọ. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, Eyínmẹ́nugún ló ń pe Gàníyátù.

"Eyínmẹ́nugún, ẹ kú ìtọ́jú o. Ẹ̀gbọ́n yín ló ránṣẹ́ láti Máídúgùrì pé kí n wá mú Ìyá. Wọ́n ní ẹ ti gbìyànjú, kí àwa náà gbà á ṣe fún oṣù kan. Kí ẹ̀yin náà fẹ̀yìn lélẹ̀."

Gàníyátù wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹnu wọn náà ni?"

"Ẹnu wọn náà ni."

"Ọdún méjì tí wọ́n fi wà ní Durumi níbí, wọn ò rántí. Máídúgùrì ni wọ́n dé kí wọ́n tó rántí?"

"Ẹ gbọ́ ná, ṣé kí a má ṣe é ni? Bí a ò ṣe é, ẹ ó bú wa. Bí a fẹ́ ṣe é, ẹ ó tún máa wádìí wa bí ọlọ́pàá."

Gàníyátù kò ní agbára ìjà. Ọ̀gá ilé ìwé ti kọ lẹ́tà méjì fún un nítorí pé ó máa ń pẹ́ dé. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkùnrin sì ni.

"Ó dáa," ó wí. "Ṣùgbọ́n gbọ́ bí a ṣe ń ṣe é. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni kó o máa jẹ́ kí wọ́n fi sùn. Ẹ̀kọ gbígbóná ni wọ́n ń mu, kì í ṣe lílọ́wọ́ọ́rọ́. Bí wọn ò bá tíì kírun, wọn ò ní jẹun. Omi tútù sì ń ṣe wọ́n ní jàǹbá, torí náà, ohun tí a máa ń ṣe ni pé—"

"Eyínmẹ́nugún! Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Ẹ̀yin lẹ máa wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wẹ èèyàn?"

"N kò sọ̀rọ̀ ìwẹ̀, Ìyàwó. Mo ní—"

"Ọkọ̀ ń dúró dè wá."

Gàníyátù yà kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Gbé wọn lọ. Ìwọ àti Ọlọ́run."

Ìyá Àgbà fi ọwọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ di ìró Gàníyátù mú. Ńṣe ni wọ́n ń já ìka rẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Oyèbísí ti tún yàrá ṣe kí wọ́n tó dé. Ó ti kun ògiri ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ń dán bí abọ́ tánńganran. Ó ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì oníke sílẹ̀ láti igun dé igun. Kò fẹ́ kí ará ọ́fíìsì rí ẹyọ eruku kan. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì Ìyá Àgbà ti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó sì tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, nítorí pé ó ti gbàgbé èyí tí wọ́n sọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ìyá Àgbà na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ògiri. Pà! Ó wo àtẹ́lẹwọ́ náà. Ó tún gbá a. Pà! Ó kọjú sí Oyèbísí, ó ń sọ ohun kan tí kò yéni.

Oyèbísí gbé ẹ̀kọ wá. Ìyá Àgbà pa ètè pọ̀.

"Ẹ mu ún, Ìyá."

Ìyá Àgbà mirí. Pà!

Bó ṣe rí nìyẹn lọ́jọ́ kejì. Bó ṣe rí nìyẹn lọ́jọ́ kẹta. Bámiṣayọ̀, aládùúgbò tí ẹnu rẹ̀ mú, yọjú láti ojú fèrèsé.

"Oyèbísí, kí lo fi ìyá yìí ṣe? Wọ́n ń gbá ògiri bí ẹni tó ń pe ẹlẹ́rìí."

"Ọ̀rọ̀ arúgbó ni. Gba ọ̀dọ̀ ara ẹ lọ."

"Mo ti ń lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kú sí ẹ lọ́wọ́, má sọ pé mo gbọ́ ohunkóhun o."

Omi díẹ̀ ni Ìyá Àgbà ń mu, pẹ̀lú ṣíbí ẹ̀kọ mélòó kan tí Oyèbísí fi ipá tì sí i lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: Oyèbísí di imú ìyá ọkọ rẹ̀ mú kó lè la ẹnu. Inú ń bí i. Ó rò pé arúgbó náà mọ̀ọ́mọ̀ ń ba tòun jẹ́ ni.

"Ta lẹ ń bá jà?" ló jágbe mọ́ ọn. "Ṣé ẹ kò fẹ́ kí ọmọ yín gbé ilé gidi ni? Àwọn ìyá ọkọ ẹgbẹ́ yín ń ṣàdúrà fún ìyàwó, ẹ̀yin ń lu ògiri!"

Ìyá Àgbà wò ó. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Pà!

Kò yé Oyèbísí rárá. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n gbé e dàgbà sí lọ́nà Kábbà. Ohun tó mọ̀ nípa ìrun kò ju ti kẹ́tù omi tí ọkọ rẹ̀ fi ń ṣe àlùwàlá lọ. Ó rò pé ẹni tí kò lè dìde, Ọlọ́run ti yọ̀ǹda rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta tí Ìyá Àgbà dé Durumi, wọ́n ka ìwé ìkéde yẹn fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwé ní Kuje. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko lẹ́yìn tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ ní Gáríkì! Lọ́jọ́ yẹn náà ni ọ̀gá fún Gàníyátù ní lẹ́tà kẹta: bí kò bá mú ìwé olùtọ́jú wá títí Jímọ̀, kó má wá síṣẹ́ mọ́. Ní ọjọ́ kejì, Gàníyátù wọkọ̀ lọ sí Gáríkì. Akọ̀wé kan níbẹ̀ ṣí ìwé ńlá.

"Àsíátù, ará Ìkìrun? Orúkọ ti wà lórí wọn. Oyèbísí, aya Sàkáríyà, Durumi. Òun nìkan ló ti ń tọ́jú wọn láti ọdún méjì. Ọ̀la ni wọ́n ń lọ wo ibẹ̀."

"Ta ni?" Gàníyátù wí. "Ẹ tún un kà."

Ó tún un kà.

Ọjọ́rú pé. Lẹ́yìn aago kan ọ̀sán, obìnrin ọ́fíìsì dé Durumi, ó di ìborùn funfun, ó gbá fáìlì mọ́ àyà. Ìyáàfin Sàídátù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Kábbà ni òun náà.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Sànnu o, Ìyá wa. Ẹ kú àìsàn." Ìyá Àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀.

"Ìyáàfin Oyèbísí, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ẹ̀gbẹ́ wo ni wọ́n fi ń sùn?"

"Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mà."

"Egbò ò sí lára wọn?"

"Rárá o! Láti ọdún méjì, èmi yìí?"

"Kí ni wọ́n jẹ lọ́sàn-án yìí?"

"Ẹ̀kọ. Wọ́n mu ún tán pátápátá."

Ládàánì ti pe ìrun ọ̀sán tán ní mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Ìyá Àgbà na ọwọ́. Pà! Ó wo àtẹ́lẹwọ́. Pà!

"Kí ni wọ́n ń fẹ́?" Sàídátù bèèrè.

"Kò sí nǹkan, mà. Ọ̀rọ̀ arúgbó ni. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é."

Sàídátù fi ìka ra ògiri tó ń dán náà. Ó wo ìka rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Mùsùlùmí ni Ìyá, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Báwo lẹ ṣe ń bá wọn ṣe àlùwàlá?"

"Omi... mo máa ń bu omi fún wọn ni."

"Ẹ bá wọn ṣe é, kí n rí i."

Oyèbísí sáré gbé kẹ́tù. Ọyẹ́ ti sọ omi náà di yìnyín. Bó ṣe dà á sọ́wọ́ Ìyá Àgbà báyìí, arúgbó náà figbe ta, ara rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Gbé omi yẹn sílẹ̀!"

Gàníyátù ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, eruku ọ̀nà Kuje bò ó títí dé ìpéǹpéjú. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó yí padà sí àgbàlá, ó mú òkúta pẹlẹbẹ kan tí eruku bò wá, ó gbé e sábẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀.

Ìyá Àgbà gbá òkúta náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú. Gàníyátù bá a gbé ọwọ́ tó ti kú, ó bá a fi eruku ra méjèèjì. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tí omi ń ṣe ní jàǹbá, erùpẹ̀ mímọ́ ni àwọn Mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá? Tàyámọ́mù ni wọ́n ń pè é. Ní Kuje, ògiri amọ̀ ni ìyá yìí ń gbá. Láti Sátidé ló ti ń wá erùpẹ̀ lára ọ̀dà. Ọjọ́ márùn-ún ni wọn kò jẹ́ kó kírun.

Ètè rẹ̀ ń jì pẹ́pẹ́pẹ́. Ó kírun tán. Gàníyátù wá gbé ẹ̀kọ tó ti tutù lórí àga, abọ́ tí Oyèbísí ní wọ́n ti mu tán. Ìyá Àgbà la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ.

Gàníyátù yí ìyá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ìbàdí ọ̀tún hàn síta. Ó pọ́n, awọ ti bó.

"Olè," ló wí.

"Èmi ni olè?" Oyèbísí fò dìde. Ó gbàgbé ẹ̀yin, ó gbàgbé Eyínmẹ́nugún. "Ìyá ọkọ mi ni! Ilé ọmọ ẹ̀ ni mo gbé e wá! Ìwọ nìkan lo ni í?"

"Ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé, wọ́n ń fi í ṣẹlẹ́yà káàkiri ọjà. Ìwọ jí ìyá gbé! Ìyá ọkọ rẹ ni? O ò mọ ẹ̀gbẹ́ tó fi ń sùn. O ò mọ ohun tó ń sunkún fún. O fi ẹnu ẹ̀gbọ́n mi purọ́ fún mi. Bí wọ́n bá fún ọ nílé yẹn, kí wọ́n fún ọ ní sàréè pẹ̀lú, nítorí ibẹ̀ ni wàá pa á sí!"

"Ó tó," Sàídátù wí. Ó pa fáìlì dé. "Oyèbísí, ìwé yìí kò lè jẹ́ tìrẹ. Ṣùgbọ́n n kò lè fún àbúrò ọkọ rẹ náà."

"Kí ló dé?" Gàníyátù wí. "Ṣé ẹ kò rí i ni?"

"Mo rí i. Òfin ò rí i. Orúkọ tí wọ́n bá ti kọ sórí arúgbó, ọdún kan ni yóò wà níbẹ̀, àfi bí ẹni tó tẹ̀ka bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá síwájú ìgbìmọ̀, kó ní irọ́ lòun pa, kó sì tún ìka tẹ̀. Àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa jókòó. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di oṣù tó ń bọ̀."

"Jímọ̀ ni wọ́n ń lé mi níṣẹ́."

Sàídátù gbá fáìlì náà mọ́ àyà.

"Bí mo bá jẹ́wọ́," Oyèbísí wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "kí ni wọ́n á fi mí ṣe?"

"Wọ́n á pa orúkọ rẹ rẹ́ nínú ti ilé. Iṣẹ́ rẹ náà, n kò lè sọ."

Gàníyátù ti ń di ẹrù ìyá rẹ̀ láti gbé e padà sí Kuje. Ó ní, "N kò ní bẹ̀ ọ́, Ìyàwó. Ẹnu tí mo fi ń bẹ Ọlọ́run, n kò ní fi bẹ olè."

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ní Ọjọ́bọ̀, Sàkáríyà dé láti Máídúgùrì. Bámiṣayọ̀ ti pàdé rẹ̀ ní títì, ó ti rò fún un. Kò lu Oyèbísí. Kò jókòó.

"Gbólóhùn wo ni mo sọ fún àbúrò mi?" ló bi í. "Tún un sọ fún mi. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn ara mi."

Oyèbísí mú báàgì rẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ má rò pé ó ti pinnu. Jàbárù bá a ní ìdí sítóòfù, ó ní, "Haba, dákẹ́ jẹ́! Tó o bá dákẹ́, iṣẹ́ rẹ wà lọ́wọ́. Ta ló mọ̀ ọ́ ní Kuje?" Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Oyèbísí da omi sórí ewé tíì, ó to kọ́ọ̀pù mẹ́fà. Ọ́fíìsì wọn ni ìgbìmọ̀ jókòó sí, òun ni yóò sì gbé tíì fún wọn.

Ó gbé àwo wọlé. Sàídátù wà ní ìkángun tábìlì, kò gbójú sókè. Oyèbísí dé àárín yàrá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lọ mọ́. Ìbàdí pípọ́n yẹn ló ń rí.

"Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má tíì mu ún. Èmi ni Oyèbísí tí ẹ kọ sórí Àsíátù ará Ìkìrun. Irọ́ ni mo pa."

Ọkùnrin tó jókòó láàárín yọ jígí ojú. "Ta ló ń tọ́jú ìyá náà?"

"Gàníyátù, ọmọ rẹ̀, ní Kuje. Láti ọdún méjì."

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo ti ṣe fún un?"

"Ìgbà mẹ́rin ni mo kí i. Ìgbà karùn-ún, mo dá egbò sí i lára."

Ẹnìkan pòṣé. Òmíràn ní, "Obìnrin burúkú gbáà." Wọ́n ní kó gbé tíì sílẹ̀, kó wá tẹ̀ka. Tàdáwà kan án dé ọrùn ọwọ́. Wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ti ilé. Wọ́n dá a dúró níṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Wọ́n kọ orúkọ Gàníyátù rọ́pò tirẹ̀, Sàídátù sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí i. Nígbà tó di àárọ̀ Jímọ̀, Gàníyátù gbé ìwé olùtọ́jú ka iwájú ọ̀gá ilé ìwé.

Oyèbísí ṣe búburú, kò sí àwíjàre níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòfin, mo ní ọ̀rọ̀ fún yín náà. Òfin yín dára, ojú rẹ̀ ló fọ́. Ẹ lẹ ìwé sí Gáríkì, ẹni tó ń po tíì gbọ́ kí ẹni tó ń da póò tó gbọ́. Ẹ bèèrè orúkọ, ẹ kò bèèrè iṣẹ́. Bí olè bá ti tẹ̀ka, ẹ ní kí onínǹkan dúró kí olè kọ́kọ́ ronú pìwà dà. Bí Oyèbísí bá dákẹ́ ńkọ́? Ẹ lọ sílé àwọn èèyàn. Ẹ wo ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, tí kò sùn, tí ọkọ ti kọ̀ sílẹ̀. Orúkọ ẹni yẹn ni kẹ́ ẹ kọ.

Ní Sátidé, Oyèbísí wọkọ̀ lọ sí Kuje. Gàníyátù jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò dìde.

"Mo gbọ́ pé o jẹ́wọ́," ó wí. "Ó dáa. N kò tíì dárí jì ọ́."

"Mo mọ̀."

"Kí lo wá wá?"

"Mo wá bá yín fọṣọ."

Gàníyátù dìde. Ó wọlé, ó gbé báàfù ńlá jáde, aṣọ ìtẹ́lẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ó jù ú sílẹ̀ gbì! Ó tún gbé ti ẹ̀ẹ̀kejì wá.

"Omi wà nínú dúrọ́ọ̀mù. Bí mo bá rí ọṣẹ kankan nínú ẹ̀, wàá tún un fọ̀."

Oyèbísí jókòó tì í. Omi ọyẹ́ ń gé e lọ́wọ́, òórùn ń bì í sójú, ó ń fọ̀ ọ́. Gàníyátù fẹ̀yìn ti ògiri ní ọ̀ọ́kán rẹ̀, ó ń ṣọ́ ọ bí wọ́dà.

Nígbà tí Oyèbísí fọ aṣọ kẹta tán, ó gbé e sókè kó gbá a mọ́ òkúta. Ó bojú wo Gàníyátù. Orí Gàníyátù ti ṣubú sí èjìká, ẹnu rẹ̀ là, ọwọ́ méjèèjì ṣí sílẹ̀ lórí itan. Ó ti sùn lọ fọnfọn, ní ọ̀sán gangan.

Oyèbísí sọ aṣọ náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó fi ọwọ́ ra á títí tó fi mọ́, kò sì jẹ́ kó dún.